Àwọn Ìbejì Orí Páálí Ọṣẹ

Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù keje, ọdún 1988. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí. Kì í ṣe òjò líle; ó kàn ń sẹ̀ wẹ́wẹ́ láìdá, títí gbogbo àdúgbò wa ní Mushin fi di ẹrẹ̀. Nínú òjò yẹn ni ọlọ́pàá méjì wọ ṣọ́ọ̀bù tí Saidat, ìyàwó mi, ti ń po ọṣẹ ọmọdé tí ó ń tà. Wọ́n kó gbogbo páálí ọṣẹ tó wà nílẹ̀ sínú ọkọ̀ wọn, wọ́n sì ní kí òun náà wọlé tẹ̀ lé e. Wọ́n ní ó mọ̀ nípa ọmọ kan tí wọ́n jí gbé.

Orúkọ mi ni Àlíyù Àkàngbé, òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta. Ọpẹ́ ló mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ohun tó ṣojú mi ni mo kọ. Èyí tí kò ṣojú mi, mo bi ẹni tó ṣojú rẹ̀ kí n tó fi í kún un.

Nígbà tí mo dé àgọ́ ọlọ́pàá, Saidat ti wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn káńtà, ọṣẹ ṣì ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní òdìkejì káńtà, obìnrin kan jókòó, ó di ọ̀kan nínú àwọn páálí wa mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ. Ìyáàfin Evelyn Akínyẹlé ni, tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Yaba. Kò pariwo, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni ó fi sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù.

Ó ní ìbejì ọkùnrin ni òun bí ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ní ilé ìgbẹ̀bí kan ní Sùúrùlérè. Táíwò yè. Wọ́n ní Kẹ́hìndé kú kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé, ṣùgbọ́n òun kò fi ojú òun rí i. Àìsàn ti dá òun wó nígbà náà. Ọkọ òun àti àwọn àgbà ló lọ sin ọmọ náà, wọ́n sì gbé òun lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìdí-Àràbà, níbi tí òun pẹ́ sí gan-an. Láti ìgbà náà, wọn kì í dárúkọ Kẹ́hìndé nínú ilé wọn mọ́. Àfi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan gbé ọṣẹ wá síbi iṣẹ́. Lára páálí ọṣẹ náà ni ó ti rí ọmọ rẹ̀ tó jókòó lórí ẹní, tí ọmọ mìíràn tó jọ ọ́ bí ẹni tu itọ́ sílẹ̀ sì jókòó tì í.

"Ojú Táyé nìyí," ni ó wí, ó fi ìka kan ọmọ apá òsì. "Bí iná bá kú, mo lè fọwọ́ mọ ojú yìí. Ta wá ni èyí tó jókòó tì í?"

Ohun tó wá dá kún ọ̀rọ̀ náà ni pé, kí a tó ní ṣọ́ọ̀bù, Saidat máa ń gbé ọṣẹ lọ tà fún àwọn ìyá ọmọ ní àwọn ilé ìgbẹ̀bí, ilé ìgbẹ̀bí Sùúrùlérè yẹn sì wà lára wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, kò dúró kí wọ́n bi í. Gbádé, ọlọ́pàá tó wà ní káńtà, wo ojú mi bí ẹni pé kí n wá agbẹjọ́rò lọ. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí: obìnrin tó mọ ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí, tó sì ní àwòrán ọmọ náà lọ́wọ́, kí ló tún kù?

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí Sájẹ́ǹtì Motọ́lání Abọ́dúndé wọlé. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, kò wọ aṣọ ìjọba. Obìnrin kúkúrú ni, ó ká agbòjò rẹ̀ pọ̀, ó gbé e síbi tí omi rẹ̀ kò ti ní ro sí ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀. Ó gba páálí kan, ó wò ó síwájú, ó wò ó sẹ́yìn, ó wá fa ìjókòó sún mọ́ ìyàwó mi.

"Ìyá Fàrídà, ta ló bí àwọn ọmọ yìí?"

"Mi ò mọ̀."

"Ọmọ tí ẹ ò mọ̀ ni ẹ fi ń ta ọjà?"

"Mo yàn wọ́n ni. Inú ìwé àwòrán, lọ́dọ̀ onítẹ̀wé."

"Ẹ̀yin nìkan lẹ yàn wọ́n?"

"Èmi àti Bàbá Fàrídà. Ṣùgbọ́n òyìnbó ló kọ́kọ́ yàn ní tirẹ̀."

Sájẹ́ǹtì yíjú sí mi, mo sì rí i pé mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé. Ọ̀gbẹ́ni Sylvester tó ń tẹ̀wé ní Mushin ní álíbọ́ọ̀mù ńlá kan tí ó kún fún àwòrán. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ páálí, kàlẹ́ńdà tàbí ìwé ìpolówó, tí kò sì ní àwòrán tirẹ̀, yóò jókòó ti álíbọ́ọ̀mù náà, yóò sì yan èyí tó bá wù ú. Obìnrin tó dirun wà níbẹ̀ fún àwọn onídìrí, ọkùnrin tó mú tẹlifóònù wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n rò pé òun ní ọ́fíìsì. Èmi yan ọmọ òyìnbó kan tó wà nínú ọpọ́n ìwẹ̀, nítorí ó dà bí ọjà olówó ńlá. Saidat bi mí pé ta ló bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Mushin. Ó ní bí oníbàárà òun bá rí i, yóò rò pé ọṣẹ náà kì í ṣe fún ọmọ tòun. A jiyàn lórí rẹ̀ títí Sylvester fi kúrò lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀yìn álíbọ́ọ̀mù náà ni Saidat ti rí àwọn ìbejì yìí. Ó ní ẹni tó bá rí wọn yóò mọ̀ pé bí ọṣẹ kan bá tó ọmọ méjì wẹ̀, yóò tó ọmọ tirẹ̀ wẹ̀.

Ẹ̀rín yọ díẹ̀ lẹ́nu Sájẹ́ǹtì. "Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó yín mọ ọjà tà jù yín lọ," ni ó wí. Ó ní kí n bá òun ká lọ sọ́dọ̀ Sylvester.

Sylvester gbọ́ pé ọlọ́pàá dé, ó sì ti ní ìdáhùn nílẹ̀. Ó ní láti òkè òkun ni gbogbo àwòrán inú álíbọ́ọ̀mù òun ti wá.

"Òkè òkun apá ibo?" ni Sájẹ́ǹtì béèrè.

"London, Àǹtí. Ilé iṣẹ́ tó ń ta àwòrán ni mo ti rà wọ́n."

"Ẹní tí wọ́n jókòó lé yìí ńkọ́? Ṣé London náà ni wọ́n ti hun ún?"

Sylvester wo àwòrán náà. Ó fọwọ́ nu ojú. Ó wá jẹ́wọ́ pé àwọn oníbàárà a máa ka àwòrán sí pàtàkì bí wọ́n bá gbọ́ pé ó ti òkè òkun wá, nítorí náà ni òun ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ bàbá ayàwòrán kan ní Èbúté Mẹ́ta, Bàbá Ọlápàdé, ni òun ti gbà wọ́n. Nígbà tí bàbá náà fẹ́ pa ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé, ó fún òun ní àpótí kan tó kún fún àwọn fótò tí àwọn tó yà wọ́n kò padà wá gbà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́kàn, mo rò pé Bàbá Ọlápàdé yóò yanjú ọ̀rọ̀ náà. Sylvester ní bàbá náà ti kú lọ́dún tó kọjá.

Kí a tó padà, Gbádé ránṣẹ́ pé kí Sájẹ́ǹtì jẹ́ kí àwọn lọ mú nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí Ìyáàfin Akínyẹlé. Àwa náà kọ́kọ́ yà sí Sùúrùlérè. Nọ́ọ̀sì náà, obìnrin àgbàlagbà, rántí ìbejì náà dáadáa. Ó rántí ẹni tó gbé òkú ọmọ náà, ó rántí pé bàbá ọmọ kò lè dìde nílẹ̀. Sájẹ́ǹtì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n bí a ti jáde, ó ní ohun tí ẹni tó jí ọmọ gbé yóò sọ náà nìyẹn, nítorí náà kò tíì ran ìyàwó mi lọ́wọ́. N kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Saidat sùn lórí bẹ́ǹṣì.

Ní ọjọ́ kejì, Sájẹ́ǹtì ní kí Sylvester wá ojúlówó fótò náà jáde nínú àpótí, kì í ṣe èyí tí wọ́n tẹ̀ sára páálí. Ó gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lẹ́bàá fèrèsé ṣọ́ọ̀bù náà, ó yá dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá, tí Sylvester fi ń wo iṣẹ́ rẹ̀, ó sì tẹ̀ba. Ó pẹ́ kó tó gbójú sókè.

"Ọ̀gbẹ́ni Sylvester, kí ló wà ní àyà àwọn ọmọ yìí nínú fótò, tí kò sí lára páálí?"

"Ìdọ̀tí ni, Àǹtí. Itọ́ ló rin aṣọ wọn. Mo fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́ kí n tó tẹ̀ ẹ́. Ṣé ẹni tó ń ta ọṣẹ ni yóò gbé ọmọ tí aṣọ rẹ̀ dọ̀tí síta?"

Sájẹ́ǹtì gbé dígí náà lé mi lọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti tọ́ ọmọ. Ẹ bá mi wo itọ́ yìí."

Mo wò ó. Ọmọ tó wà lápá òsì, itọ́ ti rin ọrùn aṣọ rẹ̀. Ojú ibi tó rin náà rí gbọrọgbọrọ, ó sì yà sí ẹ̀gbẹ́ kan bí etí ewúrẹ́. Mo wo ọmọ apá ọ̀tún. Ojú kan náà ni itọ́ tirẹ̀ wà, ó yà sí ẹ̀gbẹ́ kan náà, ó rí bí etí ewúrẹ́ kan náà. Àfi pé ti apá ọ̀tún ti ṣàn lọ sísàlẹ̀, ó ti kan bọ́tìnì àkọ́kọ́.

"Ìbejì lè wọ aṣọ kan náà," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Wọ́n lè jọ ara wọn débi tí ìyá wọn yóò fi ṣì wọ́n pè. Ṣùgbọ́n ọmọ méjì kò lè da itọ́ tó rí bákan náà sí ojú kan náà. Aṣọ kan ni, Ẹ̀gbọ́n. Itọ́ kan náà ni, ó kàn ń rìn lọ ni. Wọ́n kọ́kọ́ ya ọmọ náà ní apá òsì. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e sí apá ọ̀tún, ó ti da itọ́ kún un. Ẹ tún wo àárín fótò. Àwọn ìlà ara ẹní kò bára wọn mu níbẹ̀. Ọmọ méjì kọ́ nìyí. Ọmọ kan ni, wọ́n yà á nígbà méjì."

Ìgbà náà ni ó tó yé mi. Mo mọ̀ nípa rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ní ilé wa ní Ìjẹ̀bú, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti lọ kí wọ́n tó ya fótò wọn, wọn a gbé èyí tó kù lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán. Yóò jókòó fún ara rẹ̀, yóò tún jókòó fún ìkejì rẹ̀, ayàwòrán yóò sì so méjèèjì pọ̀ kí wọ́n lè wà pa pọ̀. Mo ti rí irú rẹ̀ lára ògiri ìyá mi. Ṣùgbọ́n ara ògiri yàrá ni ojú mi ti mọ́ ọn rí, kì í ṣe ara páálí ọṣẹ. Mo fẹ́ sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láti mú ìyàwó mi lọ sílé.

Sájẹ́ǹtì kò dìde. Inú rẹ̀ kò dùn rárá.

"Mo ti rí ọ̀nà tú ìyàwó yín sílẹ̀," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n mo ní láti gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá kan kí n tó lè ṣe é. Mi ò lè gbé dígí síwájú obìnrin yẹn kí n ní kó máa wo itọ́. Ẹni tó gbé Táyé lọ ya fótò ni yóò sọ fún un."

Ó lọ bá Ìyáàfin Akínyẹlé ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ìbéèrè kan péré ni ó sì bi í: ta ló ń tọ́jú Táyé nígbà tí eyín ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í hù, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀? Ó dáhùn pé Ìdí-Àràbà ni òun wà nígbà náà, Màmá, ìyá ọkọ òun, ló mú un lọ sí Èbúté Mẹ́ta.

Màmá Akínyẹlé gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, ó gbé ìjókòó fún wa, ó sì béèrè ohun tí a óò mu. Páálí ọṣẹ wa kan wà lórí tábìlì rẹ̀. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló gbé e wá fún un ní Ọjọ́ Àìkú. Màmá ń sọ̀rọ̀ kíákíá: ó ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni, ó ní ta ló lè rò ó pé ọmọ náà ṣì wà láyé. Sájẹ́ǹtì kò já a ní koro. Ó ń mi orí, ó mu omi rẹ̀ tán, ó dá ife padà sórí àwo. Ó wá sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò ní ohun pàtàkì lọ́kàn.

"Màmá, aṣọ tó wà lọ́rùn Táyé lọ́jọ́ náà dára o. Ṣé ó ṣì wà níbí?"

"Rárá, aṣọ onífótò ni. Wọ́n gbà á padà..."

Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Òjò ṣì ń kán lórí páànù. Màmá fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra.

Ìgbà tó tún sọ̀rọ̀, kò wo ojú wa. Ó ní nígbà tí wọ́n sin Kẹ́hìndé, kò sí ojú kankan tí ẹnikẹ́ni lè wò kí ó fi rántí rẹ̀. Òun kò fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Òun gbé Táyé lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ọlápàdé láìsọ fún ọmọ òun, bàbá Táyé, nítorí ó ti ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ òkú ọmọ náà mọ́. Nígbà tí fótò jáde, ó dára ju bí òun ti rò lọ, ẹ̀rù sì ba òun láti gbé e wọlé. Òun ní kí bàbá náà bá òun fi pamọ́ títí ọkàn ìyá ọmọ yóò fi rọlẹ̀. Ìgbà tí òun fi padà lọ, wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù.

Sájẹ́ǹtì béèrè ìdí tí kò fi sọ ọ́ ní Ọjọ́ Àìkú.

"Ẹ ò rí i bó ṣe wọlé ni. Ẹ̀rín ló ń rín. Ọdún mẹ́ta, mi ò gbọ́ ẹ̀rín Evelyn. Ṣé èmi ni kí n wá fi ọwọ́ ara mi pa á?"

"Màmá, obìnrin kan wà lẹ́yìn káńtà wa nítorí fótò yìí. Wọ́n ní òun ló jí Kẹ́hìndé gbé. Ìyá ọmọ mẹ́rin ni."

Màmá gbójú sókè. Mo mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò sọ ìyẹn fún un. "Níbo ni ọkọ rẹ̀ wà?"

"Òun lẹ gbé ìjókòó fún yìí."

Màmá wò mí. Ó dìde, ó wé gèlè rẹ̀, ó sì jáde síwájú wa sínú òjò.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, níbi tí Ìyáàfin Akínyẹlé ti ń dúró dè wá, Sájẹ́ǹtì kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wáyé ní káńtà. Ó kó wa wọ yàrá kékeré kan, ó ní kí Saidat náà wọlé. Màmá jókòó ti ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kankan pamọ́. Ìyáàfin Akínyẹlé kò sunkún. Ó ní kí Sájẹ́ǹtì fún òun ní fótò náà àti dígí náà. Ó wo fótò náà pẹ́, láti òsì sí ọ̀tún, ó tún padà. Mo ń gbàdúrà lọ́kàn, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí mo ń tọrọ mọ́, nítorí ohun tí yóò tú ìyàwó mi sílẹ̀ ni yóò tún sin ọmọ obìnrin náà lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tó yá, ó gbé dígí náà sílẹ̀.

"Màmá, nígbà tí wọ́n gbé Táyé sí apá kejì, kí lẹ sọ fún un?"

"Mo ní kó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó díẹ̀."

"Ṣé ó sunkún?"

"Kò sunkún. Ó jókòó jẹ́ẹ́."

Ìgbà náà ni ẹkún gbà á. Màmá gbé e mọ́ àyà, àwa yòókù sì wo ilẹ̀. Nígbà tí ẹkún rọlẹ̀, ó yíjú sí ìyàwó mi, ó fẹ́ kúnlẹ̀, Saidat sì di apá rẹ̀ mú kí orúnkún rẹ̀ tó kanlẹ̀.

"Ìyá Fàrídà, mo pè yín ní gbọ́mọgbọ́mọ."

"Èmi náà bímọ," ni Saidat wí. "Bó bá jẹ́ èmi ni, bóyá káńtà yìí gan-an ni ǹ bá fọ́. Ẹ̀yin lẹ ni fótò yìí. Bí ẹ bá ní kí n yọ wọ́n kúrò lára ọjà mi, mo máa yọ wọ́n lónìí, màá lọ wá òyìnbó tí ọkọ mi fẹ́ràn."

Ìyáàfin Akínyẹlé rẹ́rìn-ín nínú omijé. Ó mú ojúlówó fótò náà, ó sì bọ̀ ọ́ sínú àpò rẹ̀. Ó wá ti páálí ọṣẹ padà sọ́wọ́ ìyàwó mi.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀," ni ó wí. "Bí ẹ kò bá yàn wọ́n ni, inú àpótí ni ọmọ mi ìbá wà títí láé. Ní ilé tèmi gan-an, wọn kì í dárúkọ rẹ̀. Ẹ ṣeun tí ẹ yàn wọ́n."

Wọ́n dá ìyàwó mi sílẹ̀, Gbádé fúnra rẹ̀ ló sì bá wa kó àwọn páálí jáde. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Sájẹ́ǹtì títí ó fi ní kí n jọ̀ọ́, kí n máa mú ìyàwó mi lọ sílé. N kò tíì dúpẹ́ tó títí di òní.

Àwọn tó wà nínú yàrá náà nìyí: Sájẹ́ǹtì Motọ́lání Abọ́dúndé; Màmá Akínyẹlé láti Èbúté Mẹ́ta; Ìyáàfin Evelyn Akínyẹlé; Saidat, ìyàwó mi; àti èmi, Àlíyù Àkàngbé. Gbádé wà ní ẹnu ọ̀nà, kò wọlé. Ọ̀gbẹ́ni Sylvester kò sí níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọláṣẹ́gun Akínyẹlé, bàbá àwọn ìbejì, dé láti ibi iṣẹ́ nígbà tí a ti ń jáde. Ó bá ìyàwó rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ níbi tí wọ́n ti jọ wà lábẹ́ agbòjò kan, wọ́n sì ń dárúkọ Kẹ́hìndé.